Ìyá Oníbúta Kì í Fúnni Léènì

Lọ́jọ́ tí a ṣe àdúà fídáù Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, a rẹ́rìn-ín débi pé ẹni tó bá ń kọjá lọ ní Kalley, àdúgbò wa ní Niamey, yóò rò pé ọmọ tuntun là ń sọ lórúkọ. Èyí kò bí mi nínú. Ẹni tó bá dàgbà títí tó fi gbé ọmọ-ọmọ-ọmọ pọ̀n, tó ṣì ń bá oníbàárà jiyàn lọ́sẹ̀ tó kú, bí a bá fi ẹkún nìkan sin ín, a ti rẹ́ ẹ jẹ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mi ò lè gbé mì, Àlfáà Sálíù ló sì sọ ọ́. Àlfáà yìí ni aládùúgbò Ìyá Àgbà. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Ìyá Àgbà, àwọn méjèèjì sì ti ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ kí n tó mọ ìwé kà. Nígbà tí wàásù dé ibi tó dùn, Àlfáà na ìka sókè.

“Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dúpẹ́. Obìnrin tí a wá ṣàdúà fún yìí, tí kì í fúnni léènì, Ọlọ́run ò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ó fúnni lẹ́ẹ̀kan péré!”

“Àmín!” ni gbogbo ilé wí, ẹ̀rín sì gba ibẹ̀ kan.

Ó kù díẹ̀ kí n nawọ́. Ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kì í lè fi àṣìṣe sílẹ̀ lójú pátákó kó lọ sùn. Ṣùgbọ́n a kì í tún ọ̀rọ̀ àlfáà ṣe nídìí fídáù. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí, kí àwọn ọmọ wa tó wà káàkiri lè mọ bó ṣe rí gan-an. Ọ̀rọ̀ èènì ni. Ọ̀rọ̀ ẹyẹ náà sì ni.

Búta ni Ìyá Àgbà ń tà, ìyẹn ohun ìbomi oníke ẹlẹ́nu gígùn, onídérí, tí a fi ń ṣe àlùwàlá. Ẹni tí kò gbé Niamey rí lè rò pé ọjà kékeré ni. Ilé wo ni búta ò sí? Ọ̀gá tó ń jókòó sí ọ́fíìsì ní àdúgbò Plateau ní tirẹ̀, awakọ̀ takisí ní tirẹ̀ lábẹ́ àga. Pupa, àwọ̀ ewé, onílà, gbogbo rẹ̀ ni Ìyá Àgbà ń so rọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù bí èso. Wọn kì í sì í ta ọ̀kan láìjẹ́ pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ dí i lókè, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu rẹ̀ gígùn, wọ́n á wá tẹ́ etí sí i lára bíi dókítà. Bí atẹ́gùn bá ń jò níbì kan, wọ́n á gbọ́ ọ. Wọ́n á yọjú sí oníbàárà, wọ́n á sì sọ fún un pẹ̀lú àánú: “Gbé ìyẹn sílẹ̀, ó ní ikọ́.”

Èènì ni nǹkan díẹ̀ tí òǹtajà ń fi lé ọjà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sanwó tán, kí inú oníbàárà lè dùn. Àwọn Hausa ń pè é ní gyara. Kò sẹ́ni tó ń tajà ládùúgbò wa tí kì í ṣe é. Ẹlẹ́pà á fi ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, onísúgà á ju ẹyọ kan sí i. Ìyá Àgbà nìkan ni kì í ṣe é. Kí n tètè tún nǹkan kan ṣe níbí o: wọn kì í ṣe ahun. Ọmọ kéwú tó bá yà sílé wọn lásìkò oúnjẹ kì í jáde lófìfo. Wọ́n kàn gbà pé ẹ̀bùn lọ̀tọ̀, ọjà lọ̀tọ̀, ẹni tó bá pò wọ́n pọ̀ ti ba méjèèjì jẹ́ ni.

Ewúrẹ́ jẹ ìdérí búta Àlfáà Sálíù nígbà kan. Àlfáà wá sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́, mo sì wà níbẹ̀.

“Ìyá Oníbúta, ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń rajà lọ́wọ́ yín. Ẹ fi ìdérí kan ṣe èènì fún mi. Ìdérí lásán ni.”

“Àlfáà, ta ló sọ pé lásán ni? Orí búta ni ìdérí.”

“Ṣebí búta pọ̀ níbẹ̀ bí eéṣú!”

“Ó pọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá bẹ́ orí ọ̀kan fún yín ṣe èènì, ta ni yóò ra ọrùn tó kù?”

Ọ̀rá ni Àlfáà fi dé búta wọn láti ọjọ́ yẹn. Wọ́n á sì mọ̀ọ́mọ̀ gbé e gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá, kí Ìyá Àgbà lè rí i.

Ti ẹyẹ wá ńkọ́? Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń wí níbi fídáù pé Ìyá Àgbà mọ gbogbo ẹyẹ, àti pé wọ́n máa ń bá wọn sọ̀rọ̀. Rárá o. Ẹyẹ méjì péré ni Ìyá Àgbà mọ̀ láyé: adìyẹ, àti èyí tí kì í ṣe adìyẹ.

Ọmọ mi Múínátù ló kó ọ̀rọ̀ ẹyẹ wọlé wa. Ó wà ní yunifásítì, ó ń ṣe ìwádìí lórí àwọn ẹyẹ tó ń gbé inú oko àti pápá gbalasa, tí wọ́n ń dín kù lọ́dọọdún. Èyí tó gbà á lọ́kàn jù ni túje, bí àwọn Hausa ṣe ń pè é. Ẹyẹ ńlá ni, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, ọlọ́rùn gígùn, aláwọ̀ iyanrìn, tó máa ń rìn nínú koríko bí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó wá bẹ kíláàsì wò. Kì í kọ́ ìtẹ́ sórí igi. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń yé sí. Láyé ìjọ́sí, àgbẹ̀ máa ń fi apá kan ilẹ̀ sílẹ̀ kó sinmi, koríko á hù níbẹ̀, túje á rí ibi yé ẹyin. Nísinsìnyí ilẹ̀ kì í sinmi mọ́, ọkọ́ ń dé gbogbo igun. Ohun tí Múínátù fẹ́ mọ̀ kò le: bí àgbẹ̀ bá fi koríko díẹ̀ sílẹ̀ láàrin oko, ṣé ẹyẹ náà yóò lè pa ọmọ rẹ̀ níbẹ̀?

Ó ṣàlàyé èyí fún wa lọ́jọ́ kan nídìí oúnjẹ ọ̀sán.

“Adìyẹ wo lo ní ó ń tán?” ni Ìyá Àgbà bi í.

“Túje ni, Ìyá Àgbà. Kì í ṣe adìyẹ.”

“Ṣé ó ń yé ẹyin?”

“Ó ń yé.”

“Ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́?”

“Wọ́n ń jẹ ẹ́, ara ohun tó ń—”

“Adìyẹ ni. Ta ló ni ín?”

“Kò sẹ́ni tó ni ín.”

Ìyá Àgbà dá òkèlè ọwọ́ wọn padà sínú àwo. “Kò sẹ́ni tó ni ín? Tí ilẹ̀ bá ṣú tí kò wálé, ta ni yóò wá a lọ?”

Múínátù wò mí. Ó jọ pé wọn ò bi í ní irú ìbéèrè yẹn rí ní yunifásítì. “Èmi ni, Ìyá Àgbà.”

“Ìwọ nìkan? Abájọ tó fi ń tán.”

Múínátù tún ní jùmẹ́ẹ̀lì kan, awò onígò méjì tí ń fa ohun tó jìnnà wá sítòsí. Ìyá Àgbà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ kan níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gbé e kọjú òdì, wọ́n sì nà án sí Àlfáà Sálíù tó jókòó níwájú ilé kéwú.

“Háà! Àlfáà ti kéré!”

“Ìyá Àgbà, ẹ̀yìn lẹ fi ń wò ó. Ẹ jẹ́ kí n bá yín yí i.”

“Má fọwọ́ kàn án. Bó ṣe wà yìí ló dára.”

Ohun kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí n tó dé oko. Ìyá Àgbà kò fọkàn tán afárá Kennedy, èyí tí a fi ń sọdá Odò Ọya. Kì í ṣe pé wọ́n ń bẹ̀rù odò. Àánú afárá náà ló ń ṣe wọ́n, pé ẹrù ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Nítorí náà, bí takisí bá ti gun orí rẹ̀, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀ ọkọ̀, kí ó lè fúyẹ́. Gbogbo ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀ ló gbọ́dọ̀ gbé tirẹ̀ náà. Mo ti rí àwọn àgbà ọkùnrin tí wọn kò mọ̀ wá rí, tí wọ́n gbé orúnkún dé àyà nítorí Ìyá Àgbà. Awakọ̀ kan tiẹ̀ fẹ́ bá wa ṣe é. “Ìwọ má gbé tìẹ!” ni Ìyá Àgbà ké mọ́ ọn.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ìdérí.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ dáadáa lọ́dún náà nígbà tí Múínátù dé láti oko pẹ̀lú ojú pípọ́n. Ó ti rin pápá láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ibì kan ṣoṣo ló ti rí ẹyin túje. Ẹyin méjì, nínú koríko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko jéró ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sùmáná, lẹ́yìn Kirkissoye lódìkejì odò lọ́hùn-ún. Sùmáná sì ti pinnu pé lọ́jọ́ kejì ni òun yóò ro koríko náà, kí òun gbin ẹ̀wà síbẹ̀ kí omi tó gbẹ nílẹ̀. Ìwádìí Múínátù kò ní owó tí yóò fi bẹ̀ ẹ́. Bí ọkọ́ bá kan ẹyin náà, iṣẹ́ òjò odidi kan ti lọ, ẹyẹ náà sì lè má padà síbẹ̀ mọ́.

“Kí lo sọ fún un?” ni Ìyá Àgbà bi í.

“Mo sọ pé ẹyẹ náà ń tán lọ. Mo sọ pé ó ń bá a jẹ tata oko rẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní ẹ ṣeun, ọ̀la ni òun ń ro ó.”

“O ò ná an?”

“Ìyá Àgbà, kò tà á!”

“Gbogbo èèyàn ló ń tà. Ẹni tó bá ní òun ò tà, ẹ ò tíì dárúkọ ohun tó ń wá ni. Tíṣà,” èmi nìyẹn, “a ń jáde láàárọ̀.”

A jáde láàárọ̀. A gbé ẹsẹ̀ sókè lórí afárá. Ìyá Àgbà há búta tiwọn mọ́ abíyá, èyí aláwọ̀ ewé tí wọ́n ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí wọn kì í fi búta ẹlòmíì ṣe àlùwàlá. Nígbà tí a dé oko, Sùmáná ti dúró pẹ̀lú ọkọ́ léjìká, ìyàwó rẹ̀ sì ń bó ẹ̀pà lábẹ́ igi. Ìyá Àgbà kò mẹ́nu kan ẹyẹ. Èdè Zarma ni wọ́n fi kí Sùmáná. Wọ́n kí i kú òjò, wọ́n kí i kú iṣẹ́, wọ́n bèèrè ìyàwó, wọ́n bèèrè ọmọ, wọ́n bèèrè kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ìgbà tí kò sí ohun tó kù láti kí mọ́ ni wọ́n ní kí Múínátù fi adìyẹ náà hàn wọ́n.

Múínátù gbé jùmẹ́ẹ̀lì fún wọn, ojú tó yẹ ni wọ́n sì fi wò lọ́tẹ̀ yìí. Túje náà sàba láàrin koríko, ọrùn rẹ̀ nìkan ló yọ, kò mira.

“Ó ń wò mí,” ni Ìyá Àgbà wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Ó jọ ìyá ọkọ mi.”

Wọ́n yí sí Sùmáná. “Ọmọ mi, tí o bá ń ta jéró, tí o wọ̀n ọ́n fún oníbàárà tán, kí lo máa ń ṣe?”

“Mo máa ń bu díẹ̀ lé e, Màmá. Gyara.”

“Nítorí kí ni?”

“Kó lè padà wá.”

“O káre. Ọlọ́run wọn òjò fún ẹ lọ́dún yìí, ó tún bù lé e, àbí kò bù lé e?”

“Ó bù lé e.”

“Ìwọ náà, fi koríko ibi tí adìyẹ yẹn wà ṣe gyara fún un. Kò pọ̀. Bíi yàrá kan. Kó lè padà wá.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ó tò lẹ́sẹẹsẹ, ó ní àpẹẹrẹ, ǹ bá fún un ní máàkì tó ga jù. Ojú Múínátù ń dán. Sùmáná ló sọ ọkọ́ kalẹ̀, ó fara tì í, ó wá ń wo Ìyá Àgbà bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú àpò.

“Màmá, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ń ta búta ní Kalley, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kéwú?”

“Èmi ni. O mọ̀ mí?”

“Mo mọ̀ yín dáadáa. Mo ra búta lọ́wọ́ yín. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mi fi tẹ ìdérí rẹ̀ fọ́. Mo padà wá bá yín, mo ní kí ẹ fi ìdérí kan ṣe gyara fún mi.”

Múínátù gbójú sókè, ó ń wá ẹyẹ lójú ọ̀run níbi tí ẹyẹ kankan ò sí.

“Kí ni mo wí?” ni Ìyá Àgbà bèèrè, ohùn wọn ti wálẹ̀.

“Ẹ ní orí ni. Ẹ ní ṣé kí ẹ bẹ́ orí ẹnìkan nítorí tèmi.”

Ìyàwó Sùmáná fi ìborùn bo ẹnu, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì. Sùmáná lọ sábẹ́ igi, ó gbé búta náà wá, ó ní kí Ìyá Àgbà wo inú rẹ̀. Bí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn ni tata ńlá kan fò jáde, ó sì bà lé gèlè wọn.

“Ẹ rí i, Màmá? Ojoojúmọ́ ni mo ń fi omi tata ṣe àlùwàlá.”

Ìyàwó Sùmáná ju ẹ̀pà sílẹ̀, ó kígbe ẹ̀rín. Ni Múínátù náà bá bẹ́ sí i, ni mo bá tẹ̀ lé e, èmi tí mo máa ń ní kí ọmọ dákẹ́. Ìyá Àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dúró sán-ún pẹ̀lú tata lórí gèlè. Mo rò ó pé ó ti parí nìyẹn, pé ẹyin ti fọ́.

Wọ́n wá fa búta tiwọn yọ lábẹ́ abíyá. Wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀ kúrò.

“Gbé tìẹ wá.”

Wọ́n fi ìdérí aláwọ̀ ewé náà dé búta pupa Sùmáná. Ó dún pó, ó sì wọ̀ ọ́ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i, wọ́n tẹ́ etí sí i.

“Kò ní ikọ́.”

Sùmáná na ọwọ́ kó gbà á. Ìyá Àgbà kò fi í sílẹ̀.

“Yàrá kan kọ́ mọ́ o. Odidi ìdérí nìyí. Yàrá méjì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀.”

“Màmá! Oko ni, kì í ṣe ilé!”

“Adìyẹ náà lọ́mọ méjì lọ́nà. Ibo lo fẹ́ kí wọ́n sùn sí?”

“Ó dáa, ó dáa. Títí tó bá pa ọmọ tán.”

“Rárá. Títí ìdérí yìí yóò fi bàjẹ́. Lọ́dọọdún.”

“Màmá, ìdérí yín kì í bàjẹ́!”

“Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀ o. Èmi ò polówó ọjà.”

Ìyàwó rẹ̀ ló bá wa parí rẹ̀. Ó ní kí ọkọ òun jọ̀ọ́ gba ìdérí, ọ̀rọ̀ tata ti sú òun. Sùmáná fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ náà, Múínátù ń to òkúta tẹ̀ lé e, Ìyá Àgbà sì ń wò wọ́n láti òkèèrè: “Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ti kúrú jù!”

Ẹyẹ náà pa ọmọ méjèèjì. Ọmọ túje kì í dúró nílé, kò pẹ́ tí wọ́n fi tẹ̀ lé ìyá wọn wọ inú jéró. Inú Múínátù dùn débi pé ó sáré láti ẹnu takisí wá sí ṣọ́ọ̀bù wá sọ fún Ìyá Àgbà.

“Ta ló ni ilẹ̀ tí wọ́n pa wọ́n sí?” ni Ìyá Àgbà bi í.

“Ẹ̀yin ni, Ìyá Àgbà.”

“Tó o bá tún rí wọn, sọ fún wọn pé wọ́n ti ní olówó.”

Wọn ò mú ìdérí mìíràn nínú ọjà fún búta tiwọn. Àwo tíì kékeré kan ni wọ́n fi ń dé e. Àwo náà ni Àlfáà Sálíù rí tí wọ́n fi tọ pinpin ọ̀rọ̀, tí wọ́n sì yí gbogbo Kalley po: “Ẹ wá o! Ìyá Oníbúta ti fúnni léènì!” Ìyá Àgbà kàn bèèrè jùmẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ Múínátù, wọ́n sì tún fi ẹ̀yìn rẹ̀ wò wọ́n.

Ìgbà ooru ni Ìyá Àgbà lọ, kí òjò tó dé. Nínú ọ̀fọ̀ wa, mo rí i pé nǹkan mìíràn tún ń jẹ Múínátù lọ́kàn, kò sì lè sọ ọ́. Ó sọ ọ́ fún mi níkẹyìn: òjò ń bọ̀, Ìyá Àgbà ni Sùmáná ṣàdéhùn fún, kì í ṣe òun. Ta ni yóò bá òkú jiyàn lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀?

Ẹ̀rín “àmín” tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ kò tíì rọlẹ̀ tán nígbà tí Sùmáná yọ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Búta pupa onídérí àwọ̀ ewé ló há mọ́ abíyá. Ó kí wa kú àṣẹ̀yìndè, ó jókòó, ó sì gbé búta náà síwájú Múínátù.

“Wọ́n sọ fún mi pé Màmá ti lọ,” ni Sùmáná wí. “Mo ní, ìdérí ńkọ́?” Ó ṣí i, ó pa á dé. Pó! “Ó ṣì wọ̀ ọ́. Mi ò sì tíì ṣí òkúta kan nídìí.”

Múínátù bú sẹ́kún àti ẹ̀rín lẹ́ẹ̀kan náà. Àlfáà Sálíù dìde dúró: “Ẹ̀yin èèyàn, ṣé ẹ ti rí i? Èènì Ìyá Oníbúta nìyẹn!”

Kí Ọlọ́run fún Ìyá Àgbà ní àyè tó fẹ̀ ju yàrá méjì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Kí ó sì dárí àṣìṣe yìí ji Àlfáà wa, nítorí wọn ò sí nínú takisí tó gbé wa bọ̀ láti oko lọ́jọ́ náà. Èmi wà níbẹ̀. Búta aláìlérí wà lórí itan Ìyá Àgbà, tata sì ti kúrò lórí gèlè. Múínátù ń rẹ́rìn-ín, ó ń pàtẹ́wọ́ fún wọn.

“Ìyá Àgbà! Ẹ̀yin náà ti fúnni léènì!”

Wọ́n wò ó bí mo ṣe máa ń wo ọmọ tó ti kọ́ ìṣirò tí kò gbọ́ ọ.

“Èènì kẹ̀? Ìdérí kan, yàrá méjì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀? Ilẹ̀ ni mo rà. Gbẹ́sẹ̀ ẹ sókè jàre, afárá rèé.”